Kábọ́ọ̀nù Olówó Pọ́ọ́kú Lórí Kẹ̀kẹ́ Ológeere

Kẹ̀kẹ́ ológeere tí mo ń gùn, tòkunbọ̀ ni. Ọdún 2021 ni mo rà á ní Ìbàdàn lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kó ẹrù wọlé láti Kútọnu. Kẹ̀kẹ́ eré ìje orí títì ni: táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ká sísàlẹ̀ bí ìwo àgbò, ìjókòó rẹ̀ sì kéré dé ibi pé nígbà tí ìyá mi kọ́kọ́ rí i, wọ́n béèrè ìgbà tí wọn yóò gbé èyí tó kù wá. Alumíníọ́mù ni férémù rẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n, kílò 9.8 ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo wọ̀n ọ́n, ẹni tó bá sì ti wọn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tí kò ní í sùn dáadáa mọ́.

Ohun tí à ń sọ nínú ẹgbẹ́ yìí kò ju ọ̀rọ̀ ìwúwo lọ. Àjọ UCI tó ń ṣe àkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé ti pàṣẹ láti ọdún 2000 pé kẹ̀kẹ́ tí a ó fi díje kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju kílò 6.8 lọ. Ẹ gbọ́ o: òfin ni wọ́n fi dá wọn dúró kí kẹ̀kẹ́ má baà fúyẹ́ jù. Kábọ́ọ̀nù ló fà á. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo tí a fi kábọ́ọ̀nù ṣe, tó sì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ olórúkọ, lè gbé owó tó ju èyí tí mo fi ra odidi kẹ̀kẹ́ mi lọ. Nígbà náà ni ènìyàn yóò ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò rí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mìíràn láti Ṣáínà, dúdú, dídán, tó jọ èyí tó wọ́n bí ìbejì, tí owó rẹ̀ kò sì tó ìdá márùn-ún ti àkọ́kọ́. Ta ni ọkàn rẹ̀ kò ní í fà sí i?

Àwọn tó ń tà á ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu: ilé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe méjèèjì, orúkọ tí a kọ sí i lára nìkan ló mú kí ọ̀kan wọ́n. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣáínà àti Taiwan ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú nǹkan kẹ̀kẹ́ oníkábọ́ọ̀nù, àti ti olórúkọ àti ti aláìlórúkọ. Ṣùgbọ́n ìyá oníbúrẹ́dì méjì lè ra ìyẹ̀fun lọ́wọ́ alájàpá kan náà, kí búrẹ́dì wọn má sì jọra rárá. Iye ìpele tí a tò, ọ̀nà tí a gbà tò ó, àti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kúrò ní ilé iṣẹ́, ìwọ̀nyí ni owó máa ń bá lọ. Èyí tó já sí aburú lójú àyẹ̀wò ni ilé iṣẹ́ tó mọ iyì orúkọ rẹ̀ máa ń jù nù, ẹni tó ra ọjà rẹ̀ ló sì ń san owó èyí tí a jù nù.

Mo pinnu pé èmi yóò dán díẹ̀ wò, ṣùgbọ́n mo fi ìbéèrè kan ṣíwájú owó àti ìwúwo: bí nǹkan yìí bá dá lójijì nígbà tí mo ń sáré 40 kìlómítà ní wákàtí kan, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí mi?

Kí ìbéèrè náà tó lè yé ni, ó yẹ kí a mọ ohun tí kábọ́ọ̀nù yìí jẹ́. Ibi tó ti yé mi jù kì í ṣe inú ìwé. Lọ́jọ́ Sátidé, mo fẹ́ràn láti gba ọ̀nà Móníyà lọ sí Ìsẹ́yìn, nítorí pé wọ́n ti tún títì náà ṣe, ó sì dán ju ọ̀pọ̀ títì ìgboro Ìbàdàn lọ. Ènìyàn yóò kọjá ní Ìjàyè, ìlú Kúrunmí tí ogun tú ní ọdún 1862, yóò sì máa gun òkè kéékèèké lọ títí yóò fi gbọ́ ìró òfì. Ní Ìsẹ́yìn, àwọn ahunṣọ máa ń na òwú wọn gùn lọ síwájú, wọn yóò gbé òkúta lé ìdí rẹ̀ kó lè le. Mo máa ń dúró mumi níbẹ̀, mo sì máa ń wo bí okùn tín-ín-rín tí ọmọdé lè já ṣe ń di aṣọ tí a ó jogún. Bí a bá fa aṣọ òfì lọ sí ibi tí okùn rẹ̀ lọ, kò ní í mì. Bí a bá fà á ní ìdábùú igun, yóò fẹ̀, yóò sì wọ́.

Bí kábọ́ọ̀nù ṣe rí náà nìyẹn. Okùn ni ní ìpìlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Okùn oníke kan ni wọ́n máa ń fi sínú iná tó gbóná ju ẹgbẹ̀rún kan dígírì lọ, níbi tí kò ti sí atẹ́gùn tí yóò mú kó jó, títí gbogbo nǹkan yòókù yóò fi kúrò lára rẹ̀ tí yóò sì ṣẹ́ ku kábọ́ọ̀nù. Roger Bacon, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ ṣe èyí tó lágbára gidi, ní ọdún 1958, nínú ilé ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Ohio. Àwọn ará Japan àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wá rí ọ̀nà tó rọrùn láti máa ṣe é lọ́pọ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1969. Wọn yóò to okùn náà ní ìpele-ìpele, ìpele kan kọjú síwájú, òmíràn kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn yóò fi gọ́ọ̀mù líle kan tí à ń pè ní epoxy lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọn yóò sì yan án nínú mọ́ọ̀dù. Tó bá jáde, ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kọ́ọ̀bù kan rẹ̀ kò ju nǹkan bí gírámù 1.6 lọ, ti alumíníọ́mù jẹ́ 2.7, ti irin sì jẹ́ 7.8.

Aṣọ tó ní àwòrán alápótí-alápótí tí a máa ń rí lójú rẹ̀, ẹ̀wà lásán ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ìpele òkè pátápátá ni. Agbára nǹkan náà wà nínú àwọn ìpele tó wà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ojú wa kò dé. Bí ẹni tó tò ó bá jẹ́ kí aṣọ ká jọ níbì kan, tàbí kí atẹ́gùn há sí àárín ìpele méjì, ọ̀dà dídán yóò bò ó mọ́lẹ̀, àwòrán alápótí yóò sì máa rẹ́rìn-ín sí wa lórí rẹ̀.

Mo ra nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni ìdìmú ìgò omi, ohun kékeré tó ń gbá ìgò mú lára férémù. Ti alumíníọ́mù tí mo ní tẹ́lẹ̀ wọn gírámù 46, ti kábọ́ọ̀nù wọn 24. Méjì ni mo rà. Bí ó bá dá, ìgò mi yóò bọ́ sílẹ̀, n ó sọ̀ kalẹ̀ lọ mú un. Ohun tí kò lè pa mí lára nìyẹn, ó sì ti tó fún mi láti gbà.

Èkejì ni òpó ìjókòó, ọ̀pá tó gbé ìjókòó dúró. Níbí, mo rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Òpó tó bá kán lè gún ènìyàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n bí ó bá kán, ọwọ́ mi ṣì wà lórí ohun tí mo fi ń darí kẹ̀kẹ́, táyà iwájú ṣì wà níbi tó yẹ kó wà, ó sì sábà máa ń dún tàbí kó máa mì kó tó dé ibẹ̀. Àwọn kan wà lórí ọjà tí wọ́n ní kò ju gírámù 140 lọ. Mo fojú fo wọ́n dá. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa ń rántí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ní Keith Bontrager, ará Amẹ́ríkà tó máa ń ṣe kẹ̀kẹ́, sọ: nínú kí nǹkan lágbára, kí ó fúyẹ́ àti kí ó pọ́ọ́kú, méjì péré lèèyàn lè mú. Èmi ti mú pọ́ọ́kú ná. Nítorí náà, mo wá èyí tó wúwo jù láàárín wọn. Wọ́n kọ 190 sí i. Òṣùwọ̀n mi kà 212. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Mo tan iná sínú ihò rẹ̀, mo rí i pé inú rẹ̀ tẹ́jú, àyàfi ìwọ̀nba ọ̀rá tín-ín-rín tó ṣẹ́kù láti ara àpò tí wọ́n máa ń fẹ́ sínú mọ́ọ̀dù. Ti alumíníọ́mù tí mo yọ wọn gírámù 285.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gírámù 44 lára ìdìmú ìgò, 73 lára òpó: 117 lápapọ̀. Èmi, kẹ̀kẹ́, omi àti aṣọ, a tó kílò 87. Lórí òkè tó bá gbà mí ní ogún ìṣẹ́jú, ohun tí mo jèrè kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ẹni tó bá yà sí ilé ìtọ̀ kó tó jáde nílé ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ìtura ńkọ́? Wọ́n ní kábọ́ọ̀nù máa ń gba ìjìnnìjìnnì títì mọ́ra. Mo gùn ún fún oṣù mẹ́rin, láti Móníyà sí Ìsẹ́yìn, láti Mọ́kọ́lá sí Bódìjà níbi tí kòtò kò jẹ́ kí ènìyàn ronú. Ìyàtọ̀ wà, mi ò ní í purọ́. Ìdí mi mọ̀ ọ́n lórí títì tó rí ṣákaṣàka. Ṣùgbọ́n lóṣù kan ṣáájú ìgbà náà, mo ti pààrọ̀ táyà mi láti èyí tó fẹ̀ ní mílímítà 23 sí 28, mo sì dín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù. Ohun tí táyà ṣe ní ìlọ́po mẹ́ta ohun tí òpó ṣe, gẹ́gẹ́ bí ìdí tèmi ti wí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí òun yóò kọ́kọ́ ná owó sí, táyà ni n ó sọ, kí ó tó parí ìbéèrè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdè ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ bá fẹ́ dán irú rẹ̀ wò. Bàbá tó ń bá mi tún kẹ̀kẹ́ ṣe nítòsí Ọ̀jẹ́ ti ń tún Raleigh ṣe láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń mọ ibi tí nọ́ọ̀tì ti tó: wọn yóò máa dì í títí tí yóò fi dún. Lára irin, kò sí wàhálà. Lára kábọ́ọ̀nù, dídún yẹn ni òpin rẹ̀. Mo mú sípánà onídíwọ̀n lọ bá wọn, èyí tí yóò ta kọ̀ọ̀ nígbà tí ìdè bá dé newton-metre 5. Mo sì mú òróró oníyanrìn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ṣe fún un dání, nítorí pé kábọ́ọ̀nù máa ń yọ̀ nínú férémù, yanrìn náà ni yóò mú kó dúró láìjẹ́ pé a dì í jù. Ó tún ń dá alumíníọ́mù àti kábọ́ọ̀nù lẹ́kun kí wọ́n má fara kan ara wọn nínú òógùn àti òjò, torí bí wọ́n bá fara kanra bẹ́ẹ̀, alumíníọ́mù a máa jẹrà, òpó a sì há síbẹ̀ títí ayé. Bàbá wo gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi èékánná gbá òpó náà.

“Ọmọ mi, irin máa ń tẹ̀ kó tó dá,” wọ́n ní. “Ó máa ń bẹ̀ ẹ́. Èyí jọ igbá. Ìgbà wo ni igbá máa ń kìlọ̀ fúnni?”

Mi ò rí ohun tí n ó fi dá wọn lóhùn, nítorí pé bí onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe máa sọ ọ́ gan-an ni wọ́n sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wà lọ́kàn mi nígbà tí àbúrò mi dé láti Èkó ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kejìlá. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gùn ní Lẹ́kí ní ìdájí, kí mọ́tò tó gba títì. Ó ti fi ọwọ́ kẹ̀kẹ́ oníkábọ́ọ̀nù olówó pọ́ọ́kú sí tirẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, ó sì wá fi àwòrán fọ́ọ̀kì irú rẹ̀ hàn mí lórí fóònù: èyí tó gbá táyà iwájú mú, tí ọrùn rẹ̀ náà jẹ́ kábọ́ọ̀nù. Ó fẹ́ rà á kí ọdún tó yí, ó fẹ́ díje. Mo ní kí a kọ́kọ́ gùn lọ sí Ìsẹ́yìn ní ọjọ́ kejì. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo mú owó ẹyọ náírà kan àtijọ́ (mo rò pé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún un nìyí ní ilẹ̀ wa), mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìkángun kan.

“Bọ̀ọ̀dá mi, kí lẹ̀ ń wá lára rẹ̀?”

“Dákẹ́, jẹ́ n gbọ́.”

Ó ń dún ko, ko, ko, gbígbẹ, ketekete. Nígbà tí mo dé nǹkan bí ìka mẹ́ta sí àárín, ohùn rẹ̀ yí padà. Bù, bù. Bí ẹni kan ògiri tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ ti ṣí kúrò lára búlọ́ọ̀kù. Mo padà sẹ́yìn, ko. Mo tún lọ síwájú, bù. Òun náà gba owó ẹyọ lọ́wọ́ mi, ó kàn án fúnra rẹ̀, ó sì dákẹ́ díẹ̀.

Owó ẹyọ kì í ṣe adájọ́ ìkẹyìn. Ó lè sọ fúnni pé nǹkan fu òun lára. Kò lè búra fúnni pé nǹkan dára. Àbúrò mi mọ èyí, ó sì fi jà.

“Gbogbo ẹgbẹ́ wa ló ń lò ó, Bọ̀ọ̀dá mi. Ta ló ti ṣubú nínú wọn? Ẹ wo iye ènìyàn tó kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ pé ó dára.”

“Ìgbà wo ni wọ́n kọ ọ́?”

Ó wò ó. Ọ̀pọ̀ wọn kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹrù dé ọwọ́ wọn. Ìdí dídán ni wọ́n ń yìn, àti pé ó tètè dé.

Mo ní n ó san owó rẹ̀ padà fún un, kí ó jẹ́ kí n gé e. Bí inú rẹ̀ bá mọ́, n ó tún fi owó fọ́ọ̀kì lé e. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. A gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, a wọ ìbomú, a sì ń da omi sí i bí a ti ń fi ayùn irin gé e, nítorí pé erukuru kábọ́ọ̀nù kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró rárá, ó sì máa ń yún ara. Ìyá wa jáde sí ìlẹ̀kùn.

“Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé kì í ṣe owó lẹ fi ra nǹkan yìí?”

“Owó ni, mà.”

“Ẹ wá ń gé e?”

Ibi méjì ni a gé. Níbi tó ti ń dún bù, ìpele méjì ti ya ara wọn. Àlàfo náà kò ju ohun tí etí káàdì lè wọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó lọ yíká ìdajì ọ̀pá náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó bá a dè é ní Èkó ló dì í jù, nítorí kò jìnnà sí ibi tí nọ́ọ̀tì ti ń fún un. N kò lè di ẹ̀bi yẹn ru ẹni tó ṣe é. Ibi kejì ni ibi tó ti tẹ̀ kọ́rọ́, tí nọ́ọ̀tì kankan kò dé. Níbẹ̀, aṣọ ti ká lé ara rẹ̀ nínú bí etí ìró tí a kò tẹ́ dáadáa, gọ́ọ̀mù sì dúró gbagidi sínú kíká náà láìsí okùn kankan nínú rẹ̀. Èyí ti wà níbẹ̀ láti inú mọ́ọ̀dù. Lójú òde, ní ibi kan náà gan-an, àwòrán alápótí ń dán gbinrin.

Mo fi han ìyá wa. Mo ṣàlàyé fún wọn pé orí ohun yìí ni ọmọ wọn máa ń gbé àyà rẹ̀ lé, tó bá ń sáré. Wọn kò tún béèrè ọ̀rọ̀ owó mọ́.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀kì rọrùn láti ibẹ̀. Mo sọ ìtàn George Hincapie fún àbúrò mi, ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a ń retí nínú ìdíje Paris–Roubaix ti ọdún 2006, tí ọrùn fọ́ọ̀kì rẹ̀ kán lójú ọ̀nà olókùúta. Fídíò rẹ̀ wà níta: ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò so mọ́ nǹkan kan mọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ títí tó fi ṣubú tó sì fi èjìká ṣèṣe. Ọrùn fọ́ọ̀kì yẹn, alumíníọ́mù ni, kì í ṣe kábọ́ọ̀nù. Ẹgbẹ́ olówó ni ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ní mẹkáníìkì tó mọṣẹ́. Mi ò sọ ọ́ láti ba kábọ́ọ̀nù lórúkọ jẹ́. Mo sọ ọ́ kó lè rí bí ìṣubú náà ṣe rí, nítorí pé ibẹ̀ ni kò sí ohun tí ọgbọ́n tàbí agbára ẹni tó ń gùn ún lè ṣe. Èmi yóò ra fọ́ọ̀kì oníkábọ́ọ̀nù bí owó bá wà, láti ilé iṣẹ́ tó ní ojúlé, tó ṣe é tẹ̀lé ìlànà ISO 4210, tí mo sì lè bá sọ̀rọ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Láti ọwọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè yí padà lọ́la, rárá.

Kì í ṣe gbogbo ọjà wọ̀nyí ló burú o. Òpó tèmi ṣì wà lára kẹ̀kẹ́ mi. Mo ń yọ ọ́ lóṣooṣù, mo ń nù ún, mo ń wò ó, mo ń kàn án, ohùn rẹ̀ kò tíì yí padà. Ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe tẹ̀lé ti àbúrò mi nínú mọ́ọ̀dù kan náà mọ́ láti orí dé ìdí. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn gan-an: méjèèjì jọra, owó kan náà ni wọ́n, ayùn nìkan ló sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

A kò lọ sí Ìsẹ́yìn ní ọjọ́ kejì, nítorí pé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò ní ọwọ́. Ọjà Ọ̀jẹ́ la lọ, a rí alumíníọ́mù tòkunbọ̀ kan lọ́dọ̀ Bàbá, gírámù 300 ó lé díẹ̀, ó ní ìlà fífín díẹ̀ lára ṣùgbọ́n kò tẹ̀ níbì kankan. Bàbá dì í, èmi sì dúró tì wọ́n pẹ̀lú sípánà mi. Owó tó yẹ kó fi ra fọ́ọ̀kì, ó fi ra táyà 28 méjì, ó sì padà sí Èkó ní ọjọ́ Ajé. Ìgbà tó lọ tán ni mo rí i pé ó ti yọ ìdìmú ìgò mi méjèèjì lọ. Mo pè é. Ó ní èmi fúnra mi ni mo sọ pé ìyẹn kò lè pa ẹnikẹ́ni.